Efinrin Màmá Tó Ti Yọ Òdòdó

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí màmá àgbà mi kú ni mo tó ráyè wo ojú fèrèsé kíṣìnnì rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, èèyàn kún inú ilé. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich ti gba kíṣìnnì, wọ́n ń se oúnjẹ fún gbogbo ẹni tó ń wá kí wa. Èmi ń gba aṣọ òtútù lọ́wọ́ àlejò, mo ń to bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí mo wá dúró níwájú fèrèsé, efinrin Màmá ti di igi lásán. Gbogbo ewé rẹ̀ ni wọ́n ti já sínú ọbẹ̀ ata ẹja. Ohun tó kù ni ẹ̀ka mẹ́sàn-án tó gùn tó sì le, òdòdó wà lórí wọn bí ìrù ológbò tí òjò pa.

Auntie Ṣadé ló ṣáájú àwọn tó ń dáná. Mo bi í pé, "Auntie, ta ló já efinrin yìí?"

"Èmi ni. Àbí o ò jẹ nínú ọbẹ̀ náà ni? Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín."

"Ẹ já a tán."

"Tán kẹ̀? Mo mà fi àwọn olódòdó yẹn sílẹ̀. Wọn kì í dùn lọ́bẹ̀." Ó wo ojú mi. "Bísọ́lá, kí ló dé? Efinrin mà ni. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Plumstead, wọ́n ń dì í ní ìdì-ìdì."

Mo padà lọ to bàtà àlejò. Ó ti rẹ̀ mí jù. Auntie kò sì ṣe ohun tó burú. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹni tó ń dáná nílé ọ̀fọ̀ kì í tọrọ ewé lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún. Ohun tó bá wà nínú ilé ni wọ́n fi ń se é. Màmá fúnra rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ẹlòmíràn, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ohun tí Auntie Ṣadé kò mọ̀ ni pé efinrin yẹn kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Màmá lọ sin ìyá tirẹ̀ ní Iléṣà, ó gé ẹ̀ka kan lẹ́yìn ilé, ó fi áńkáṣíìfù tútù wé e, ó gbé e sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀ dé London. Èmi wà ní kíláàsì kejì nígbà yẹn. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, kí òtútù tó wọlé, ó máa ń gé ẹ̀ka lára rẹ̀, á mú un ta gbòǹgbò, á sì gbin èyí tuntun sípò èyí tó ti gbó. Igi yẹn ti kú nígbà mọ́kàndínlógún, kò sì tíì kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ta ilé Iléṣà. Ẹni tó rà á ti wó o. Kò sí fọ́tò ìyá rẹ̀ kankan. Ohun tó kù kò ju ewé yẹn lọ.

N ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ síbí. Mọ̀lẹ́bí ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú, ojú ewé kan àbọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló péye, kò sì jọ ọ́ rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Màmá, kó wò ó níbi tó ti ń gé efinrin. Á wọ awò ojú rẹ̀, á da omi gbígbóná sórí bíléèdì tuntun. Kò gbà kí wọ́n lo sísọ́ọ̀sì. Ó ní sísọ́ọ̀sì máa ń fún ẹnu igi pa, igi kò sì ní lè mumi. Á wọn ìka mẹ́rin sílẹ̀ láti orí ẹ̀ka, á wá oríkèé, ìyẹn ibi tí ewé méjì ti kọjú síra wọn, á gé e lábẹ́ oríkèé náà gan-an, ojú ibi tó gé á dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Á já ewé ìsàlẹ̀ dànù. Àwọn ewé ńlá tó bá kù, á gé wọn sí ìdajì, kí wọ́n má baà máa mu omi tí igi kò tíì ní. Á kó wọn sínú ìgò jáàmù, omi kò ní ga ju oríkèé kejì lọ. Á wá fi nylon dúdú wé ìgò náà yíká.

Mo bi í nígbà tí mo wà ní kékeré pé kí ni nylon wà fún. Ó ní, "Gbòǹgbò ń tijú. Má máa wò ó."

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà kò ṣeé fi ṣeré lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún tí mo wọ ilé ìwé girama, tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Thamesmead, mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Grandma, ṣé o fẹ́ tíì?" Kò yíjú sí mi. Ó tẹrí ba sí fèrèsé, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ sí ìkòkò òdòdó pé, "Efinrin, ìwọ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé wàá mu tíì?"

Ilé tó ti kọ́kọ́ gbé wà lẹ́bàá adágún Southmere, ilé oníkọ̀ǹkéré tó ga, tí afẹ́fẹ́ máa ń hu láàárín rẹ̀ bí ẹni ń fọn fèrè. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wó o, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Àwọn aládùúgbò ń bínú, àwọn kan ń sunkún. Màmá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bi ẹni tó mú un wá bóyá fèrèsé ilé tuntun kọjú sí oòrùn. Ọkùnrin náà kò mọ̀. Màmá ní kó lọ wò ó wá. Ó lọ lóòótọ́, ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kíṣìnnì ni oòrùn ń wọ̀. Ìgbà yẹn ló tó fọwọ́ síwèé. Lọ́jọ́ tí a kó, ó jókòó síwájú ọkọ̀ akẹ́rù, ìkòkò efinrin wà lórí itan rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ de ara rẹ̀ àti ìkòkò pọ̀. Awakọ̀ ń tu ú nínú, ó ní, "Màmá, ó máa dùn yín pé wọ́n ń wó ilé yín." Màmá ní, "Ilé ni wọ́n ń wó, kì í ṣe èmi."

Ilé tuntun náà ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ti ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo fà á. Ẹ má bínú pé màá sọ kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Mo ti kà á pé efinrin fẹ́ ìmọ́lẹ̀ wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́, oòrùn London kò sì tó ìdajì rẹ̀ nígbà òtútù. Mo ra iná kan tó ń tàn bí àwọ̀ elésè àlùkò, mo gbé e kọ́ sókè ìkòkò. Láti ìta, fèrèsé Màmá ń tàn bí ilé ijó. Mísítà Dẹ́rìkì ń gbé nísàlẹ̀ wa, òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì nídìí wíwa bọ́ọ̀sì, opó ọkùnrin, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó rí iná yẹn, ó gbóòórùn ewé lójú fèrèsé, ó pe ọlọ́pàá pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ń gbin igbó lókè òun.

Ọlọ́pàá méjì wá lọ́sàn-án Sátidé, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Màmá ṣílẹ̀kùn.

"Màámù, wọ́n ní òórùn kan ń jáde níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bọ́ bàtà."

Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde lójú ìbọ̀sẹ̀. Màmá mú un dé iwájú fèrèsé, ó já ewé kan, ó rún un lọ́wọ́, ó gbé e sábẹ́ imú rẹ̀. Ọlọ́pàá fa imú, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

"Oògùn ikọ́ ni?" ni ọkùnrin náà wí.

"Ọbẹ̀ ni. Ṣé ìyá rẹ wà láyé?"

"Ó wà, màámù."

Màmá já ọwọ́ kan fún un, ó fi pépà wé e, ó ṣàlàyé bí ìyá rẹ̀ yóò ṣe fi se ẹja, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Wọ́n lọ. Inú ń bí mi. Mo ní n máa lọ bá Mísítà Dẹ́rìkì, n máa sọ̀rọ̀ sí i. Màmá ní kí n jókòó. Ó rẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́tipẹ́, kì í ṣe tọjọ́ yẹn nìkan. Ó ní, "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ń kí ọkùnrin yẹn ní lífítì, tí kò dá mi lóhùn. Ẹni tó fura sí mi ti mọ̀ pé mo wà níbí."

Láti ọjọ́ náà, n ò kí Mísítà Dẹ́rìkì mọ́. Tó bá wọ lífítì, èmi á gba orí àtẹ̀gùn. Mo rò pé ìhà ti Màmá ni mo wà.

Èmi àti Màmá náà jà lórí efinrin yìí, ìjà tòótọ́. Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: a kì í gé ẹ̀ka tó ti yọ òdòdó. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tí kò tíì yọ nǹkan kan ni kí a gé, kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó fi ń ta gbòǹgbò. Ó ní, "Ẹni tó ń ṣoge kì í ráyè ta gbòǹgbò." Èmi sì ti ka gbogbo ohun tí mo lè rí kà lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ń hó nínú mi.

"Màmá, ó ṣeé ṣe. Ẹ kàn máa já gbogbo òdòdó kúrò. Ẹ máa gbé e síbi tó móoru, ẹ máa fi nylon funfun bò ó lórí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo kà á ni."

"Níbo?"

"Lórí fóònù."

"Fóònù yẹn ní efinrin?"

"Màmá, ẹ gbọ́ ná. Ewé tó máa kọ́kọ́ yọ máa wọ́, á rí roboto, torí pé igi náà kò tíì mọ̀ bóyá òdòdó lòun ṣì ń ṣe tàbí ewé. Tó bá di ìgbà kẹta tí ewé yọ, á tọ́. Ẹ fún mi ní ẹ̀ka kan péré kí n fi dán an wò."

"Kí o fi ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ dán nǹkan wò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo sọ fún un pé ó kàn ń bẹ̀rù pé mo lè mọ ohun tí òun kò mọ̀. Sunday méjì ni mo fi jókòó síbòmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo padà wá, ó bu oúnjẹ fún mi, kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí mo fi jẹun tán. Ó wá kó àwo, ó sì wí pé, "Ohun tí o kà pọ̀ tó. Ó ku kó hù."

Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà tó kọjá yìí, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni Màmá wà. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, mo ń gba àfikún wákàtí, màá ti ibẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, màá sì sùn sórí àga. Mo máa ń bu omi sídìí efinrin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. N ò gé e. N ò já òdòdó orí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wí pé ó di ọ̀la.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó lajú, ó bi mí pé, "Ṣé o ti gé e?"

Mo mọ ohun tó ń bèèrè. Mo ní, "Mo ti gé e, Màmá."

"Mélòó?"

"Mẹ́fà."

Ó di ojú rẹ̀. "Ó tó," ó wí.

Ẹ̀yin náà ti wá mọ ìdí tí ẹnu mi fi wúwo nígbà tí mo dúró níwájú ẹ̀ka mẹ́sàn-án olódòdó yẹn. Bí Auntie Ṣadé bá fi ewé sílẹ̀ lára ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ǹ bá ṣì rí ibi tí màá gé. Ohun tí Màmá ní kò lè ta gbòǹgbò nìkan ló kù, èmi sì ti parọ́ fún un lórí àìsàn. Àwọn onílé fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti kó ẹrù ká sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo nílò, yàrá tí mo háyà ní Plumstead sì tutù bí inú firíìjì.

Mo gé e. Bíléèdì tuntun, omi gbígbóná, ìka mẹ́rin. Mo já òdòdó kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi náà ti le, bíléèdì ń ké lára rẹ̀. Ìgò mẹ́ta, ẹ̀ka mẹ́ta-mẹ́ta. Mo gbé wọn sórí firíìjì, níbi tí ooru ẹ̀rọ ti ń gòkè, mo fi nylon dúdú wé ìgò wọn, mo sì fi nylon funfun bò wọ́n lórí. Mo ń pààrọ̀ omi ní ọjọ́ méjì-méjì. Ohun gbogbo tí mo kà ni mo ṣe.

Àfi ohun tí n ò kà, tí Màmá sọ fún mi lẹ́nu. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo tú nylon dúdú, mo fa ẹ̀ka kan sókè láti wò ó. Kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo tún wò ó. Ní ọjọ́ kọkànlá, kókó funfun kéékèèké ti yọ lára méjì, inú mi dùn, mo gbé wọn sún mọ́ iná, mo fọwọ́ kàn wọ́n kí n lè kà wọ́n. Ní ọjọ́ kẹtàlá, àwọn kókó yẹn ti dúdú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rà láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Auntie Ṣadé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹlòmíràn; ó wá pẹ̀lú ìdì efinrin méjì láti ṣọ́ọ̀bù, ewé rẹ̀ ti dúdú létí nítorí òtútù inú ọkọ̀ òfuurufú. Ó dúró pẹ̀lú wọn lọ́wọ́, ó ní, "N ò mọ̀, Bísọ́lá. Màmá kò sọ fún ẹnì kankan." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin pé, ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú ìgò, n kò sì mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo gbé ìgò náà lọ́wọ́ kan, mo fi ọwọ́ kejì wọ́ àpótí ìkẹyìn wọ lífítì. Lífítì dúró níbi tí Mísítà Dẹ́rìkì ń gbé, òun náà sì wọlé. Ó ti pẹ́ jù láti sá. Ó wo ìgò náà títí a fi dé ìsàlẹ̀.

"Olódòdó ni ẹ gé?" ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Mo wò ó.

"Ọ̀sẹ̀ kélòó nìyí?"

"Ìkẹrin."

"Ó ku ọ̀kan. Ẹ má tú nylon yẹn." Ó tẹ bọ́tìnì lífítì padà sókè. "Ẹ wá."

Lójú fèrèsé kíṣìnnì rẹ̀, efinrin kan wà nínú bákẹ́ẹ̀tì, ó ga tó àyà mi, ewé rẹ̀ kún bámúbámú. Kò sí òdòdó kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gbá mi lójú, mo ní láti di àga mú.

Ó sọ ọ́ fún mi ní ìdúró. Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ìjà èmi àti Màmá, Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka olódòdó kan nínú ìgò. Ó sọ fún un pé ọmọ ọmọ òun kàwé, ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Bó bá kú, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Bó bá hù náà, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

"Mo bi í pé kí ló dé tó fi yan èmi," ni Mísítà Dẹ́rìkì wí. "Ó ní èmi nìkan ni ẹ kì í bá sọ̀rọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

"Sátidé-Sátidé ló máa ń wá wò ó," ó ń bá a lọ. "Kì í jẹ́ kí n ṣí i. Á kàn gbé ìgò sókè, á wọn ìwúwo rẹ̀, á gbé e sílẹ̀. Ewé tó kọ́kọ́ yọ rí roboto, ó wọ́. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Òun ló ní ká dúró de ìkẹta. Ìgbà tí ìkẹta yọ, tó sì tọ́, ó jókòó sórí àga tí ẹ dì mú yẹn, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó sọ nǹkan kan lédè yín. Mo ní kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi."

"Kí ló ní?"

"Ó ní, 'Ohun tó kà ti hù.'"

Mísítà Dẹ́rìkì ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ bíléèdì tuntun kan síta, ó gbé kẹ́tùlù kaná. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo jókòó sórí àga Màmá. Mo da omi gbígbóná sórí bíléèdì. Mo wá ẹ̀ka ìsàlẹ̀, mo wọn ìka mẹ́rin, mo gé e lábẹ́ oríkèé. Mo ń kà á sókè, kí ẹni tó yẹ kó gbọ́ lè gbọ́. Nígbà tó di ẹ̀ka kẹfà, Mísítà Dẹ́rìkì bi mí bóyá n máa gé sí i.

Mo ní, "Rárá. Ó tó."